Ọmọ ológbò wa kò tíì pé oṣù mẹ́rin, a sì fẹ́ rìnrìn àjò ọjọ́ mẹ́wàá: ta ni kí n fi í tì ní Àkúrẹ́?

Ìyá Dúdúyẹmí (Ọba-Ilé, Àkúrẹ́)
Ọjọ́ Ajé, 9:12 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan ni mo gbé wá, ó ti ń dà mí láàmú láti ọjọ́ méjì.

Mo ní ọmọ ológbò kan, abo ni. Dúdú minimini ni láti orí dé ìrù, àyà rẹ̀ nìkan ló ní funfun díẹ̀, bí ẹni kán mílíìkì sí i. Dúdúyẹmí ni àwọn ọmọ mi sọ ọ́. Ọwọ́ ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ní Ọjà Ọba la ti gbà á. Ìyá rẹ̀ ló ń bá wọn ṣọ́ àpò èlùbọ́ lọ́wọ́ èkúté. Ó ti pé oṣù mẹ́ta àti ọ̀sẹ̀ méjì báyìí.

Ọkọ mi ti gba líìfù, àwọn ọmọ ti gba ọlidé, a sì fẹ́ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi l'Ékòó, ká tibẹ̀ lọ wo Àgbádárìgì. Ọjọ́ mẹ́wàá gbáko. Mi ò lè gbé Dúdúyẹmí dání, torí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní ikọ́ fée. Bí ológbò bá ti wà nínú ilé, èémí ọmọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í há.

Ẹni mẹ́ta ló ti dá àbá. Ọmọbìnrin télọ̀ kan tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa ní kí n gbé e sí ṣọ́ọ̀bù òun, ó fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní Oǹdó ní ká gbé e wá sọ́dọ̀ àwọn. Ọkọ mi ní tiẹ̀ ní ká kó oúnjẹ rẹpẹtẹ kalẹ̀, ká ṣí fèrèsé ìdáná díẹ̀, pé ológbò kì í ṣe ọmọ ọwọ́, yóò wá nǹkan jẹ. Ọkàn mi ò gba ti ọkọ mi yẹn rárá, ṣùgbọ́n mi ò mọ èyí tí mo lè mú nínú méjì yòókù. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù ká lọ.

Bàbá Ológbò Mẹ́ta (Òkè-Àró, Àkúrẹ́)
Ọjọ́ Ajé, 9:47 alẹ́

Ìyá Dúdúyẹmí, ẹ kú ìtọ́jú. Ẹ bá mi bẹ ọkọ yín, kí wọ́n má dán ìyẹn wò. Èmi dán an wò.

Ìsìnkú kan ló gbé mi lọ sí Ìbàdàn fún ọjọ́ mẹ́rin. Ọmọ ológbò mi ti tó oṣù mẹ́rin nígbà náà. Mo gbé ìrẹsì àti panla sínú bàsíà, mo pọn omi sínú garawa kékeré, mo ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí mo dé, ìrẹsì yẹn ti kan, ìfófòó ti bò ó, èèrà sì ti tò yí i ká títí dé ara ògiri. Omi wà o, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ò tó o, garawa ti ga jù fún un. Mo wá a títí, ẹ̀yìn sílíńdà gáàsì ni mo ti bá a. Ara rẹ̀ tutù. Mo fa awọ ọrùn rẹ̀ sókè, awọ yẹn dúró bẹ́ẹ̀, kò padà sílẹ̀. Mo gbé e sínú ẹ̀wù, mo fo ọ̀kadà, ó kú sí mi láyà kí a tó dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Ọjọ́ mẹ́rin péré nìyẹn o. Mẹ́wàá ni tiyín.

Màmá Oǹdó
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:30 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o. Mo ka gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, mo sì rántí ilé bàbá mi ní Oǹdó. Kò sígbà tí ológbò kan, ó kéré tán, kì í sí nínú agboolé wa. N kò rántí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni wá ẹni tó máa bá wa tọ́jú ológbò nígbà tá a bá lọ sóko tàbí ìlú mìíràn. Bóyá ohun tó wà lọ́kàn ọkọ Ìyá Dúdúyẹmí nìyẹn, n kò sì bá wọn wí.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó rò ó dáadáa, mo rí i pé agboolé yẹn ni kì í ṣófo. Bí ìyá mi bá lọ, ìyàwó àbúrò bàbá mi wà níbẹ̀, bí ìyẹn náà bá lọ, màmá àgbà wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àwo ọbẹ̀ wọn. Ológbò á jẹ eegun ẹja lábẹ́ àga màmá, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀ pé ìtọ́jú là ń pe ìyẹn. Ilé tiyín, bí ẹ bá ti géètì, ó parí. Kò sí màmá àgbà lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ wá ẹni tí yóò dúró fún màmá àgbà yẹn. Oun gan-an lẹ ń wá.

Akẹ́kọ̀ọ́ FUTA
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:05 àárọ̀

Mà, ọ̀rọ̀ Màmá Oǹdó yìí wọ̀ mí lára gan-an ni.

Èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí gbígbé e lọ sí Oǹdó. Ẹ má ṣe é, mà. Ológbò kì í mọ èèyàn nìkan, ó máa ń mọ ilé. Ìgbà tí a ṣe ìsinmi ní ọdún tó kọjá, mo gbé tèmi láti ọ̀nà ìta Gúúsù FUTA, yunifásítì wa ní Àkúrẹ́ yìí, lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi ní Alágbàká. Inú àpò gàrí ni mo gbé e sí, mo sì mọ̀ báyìí pé ohun tí mo ṣe yẹn ò dáa. Bí ọ̀rẹ́ mi ṣe ṣí àpò náà, ó bẹ́ jáde, ó gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá, ó wọ orí àjà. Ọjọ́ mẹ́ta ló lò lókè àjà yẹn. Alẹ́ nìkan ni wọ́n ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Àwo ẹja ṣàwá tí wọ́n gbé sórí àkàsọ̀ ló mú un sọ̀ kalẹ̀ níkẹyìn. Àgbà ológbò nìyẹn o, ó ti ju ọdún kan lọ. Ti Dúdúyẹmí, tó bá sá wọ inú igbó ní Oǹdó, ta ló máa mọ ohùn rẹ̀?

Dókítà Ẹran (Àkúrẹ́)
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:20 ọ̀sán

Ẹ kú ọ̀sán. Ìbàdàn ni mo ti kọ́ iṣẹ́ dókítà ẹran, Àkúrẹ́ yìí ni mo sì ti ń ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi.

Ọmọ ológbò tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ẹ̀ẹ̀mẹta sí mẹ́rin ló yẹ kó jẹun lójúmọ́. Ikùn rẹ̀ kéré, okun tó wà lára rẹ̀ kì í pẹ́ tán. Àgbà ológbò pàápàá, ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ kan kọjá kí ẹnikẹ́ni má yọjú sí i. Fún irú Dúdúyẹmí, mo fẹ́ kí èèyàn sùn nínú ilé náà. Bí ìyẹn ò bá ṣeé ṣe, kí ẹni náà wá ní àárọ̀, ní ọ̀sán, ní alẹ́, kó sì jókòó tì í fún bí ìdajì wákàtí. Kó má kàn da oúnjẹ sílẹ̀ kó máa lọ.

Mílíìkì tí a fi ń mu tíì, ẹ má fún un. Ikùn ológbò tó ti já lẹ́nu ọmú kì í sábà gba mílíìkì màlúù, ìgbẹ́ gbuuru ló máa fi ya. Oúnjẹ tí a bá se fún un kò gbọdọ̀ ní àlùbọ́sà tàbí aáyù, torí wọ́n ń ba ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́. Ọbẹ̀ ilé wa kò sì sí èyí tí kò ní àlùbọ́sà, nítorí náà kí alágbàtọ́ yín má fi ọbẹ̀ ta á lọ́rẹ. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, kí wọ́n má fún un ní parasítámọ̀. Hóró kan ṣoṣo lè pa ológbò.

Ẹ béèrè nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ kí ẹ tó lọ. Láti ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 la ti máa ń bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ alápapọ̀, èyí tó ń dènà oríṣiríṣi àrùn pa pọ̀, a ó sì máa tún un fún un lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 kọ̀ọ̀kan títí yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 16. Ti dìgbòlugi, láti ọ̀sẹ̀ 12 ni. Ẹ má dúró de 28 oṣù Kẹsàn-án, Àyájọ́ Ọjọ́ Dìgbòlugi Àgbáyé, bí ẹ tilẹ̀ gbọ́ pé àwọn kan máa ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ gbé e lọ lọ́sẹ̀ yìí, nítorí abẹ́rẹ́ kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí a gbà á. Bó bá sì ya ẹnikẹ́ni lára tàbí bù ú jẹ, kí ẹni náà fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kó sì lọ sílé ìwòsàn.

Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ló bà mí lẹ́rù jù. Okùn ìránṣọ. Ọmọ ológbò a máa fi okùn ṣeré, ahọ́n rẹ̀ sì ní ẹ̀gún tó ń fà á wọ ọ̀nà ọ̀fun. Okùn tó bá ti wọ inú lè ká ìfun jọ bí ìgbà tí a fa okùn ṣòkòtò, kó sì ya á. Bí ẹ bá rí i tí okùn yọ lẹ́nu rẹ̀ tàbí ní ìdí rẹ̀, ẹ má fà á. Ẹ gbé e tọ dókítà lọ bẹ́ẹ̀.

Ìyá Dúdúyẹmí
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:55 alẹ́

Dókítà, ẹ ṣeun gan-an ni. Bàbá Ológbò Mẹ́ta, ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ ológbò yín yẹn. Mo ka tiyín fún ọkọ mi, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Ká wá ẹnìkan."

Mo gbé Dúdúyẹmí lọ sí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ lónìí kí n lè fi ojú ara mi rí i. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó ti wọ abẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, ó fi ẹsẹ̀ iwájú fa okùn pupa kan láti ara bọ́bìnì, nígbà tí mo máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti ń jẹ ẹ́ mì. Mo fi ìka gbá orí okùn tó ṣẹ́ kù mú, ó yọ pẹ̀lú itọ́, gígùn rẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Àyà mi já. Ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ fọwọ́ lérí. Ó ní, "Àǹtí, inú ilé yín ni màá ti máa wá tọ́jú rẹ̀. Ẹ má gbé e wá síbí mọ́."

Ìṣòro tó kù ni ti kọ́kọ́rọ́. Ọkọ mi ní ọmọ dáadáa ni, ṣùgbọ́n láyé tí a wà yìí, kì í ṣe ẹni tí a mọ̀ fún ọdún kan là ń kó ilé lé lọ́wọ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Mi ò lè sọ pé irọ́ ló pa.

Aládùúgbò Alágbàká
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:30 alẹ́

Ọ̀rọ̀ ọkọ yín mọ́gbọ́n dání. Ohun tí àwa ṣe nìyí: a ti gbogbo yàrá pa, pálọ̀, ìdáná àti ilé ìwẹ̀ kan la fi sílẹ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì, owó, ìwé ilẹ̀, gbogbo rẹ̀ wà nínú yàrá tí a tì. A pe ìyá ọmọ tó máa sùn níbẹ̀, a jọ jókòó, a sọ ọ́ lójú ìyá rẹ̀ pé ohun tí a fi lé e lọ́wọ́ nìyí, owó tí a ó san fún un nìyí. Ó tún dà bíi pé iṣẹ́ gidi ni, ojú ò ti ẹnikẹ́ni láti béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹnìkejì.

Ẹ san owó fún un o. Ẹ má ní "ó fẹ́ràn rẹ̀" kí ẹ fi ṣe ọ̀fẹ́. Ó máa fi ọjọ́ mẹ́wàá sùn sílé onílé.

Bàbá Ológbò Mẹ́ta
Ọjọ́rú, 7:15 àárọ̀

Mo fara mọ́ ti ìyá ọmọ yẹn. Ṣùgbọ́n n kò gbà pé ó di dandan kó sùn níbẹ̀. Èmi rò pé ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ tó, bí ilé bá ti wà ní àgbàlá kan náà. Ọmọbìnrin tó dá sùn sílé tí onílé ò sí, ewu ń bẹ fún òun náà.

Dókítà Ẹran
Ọjọ́rú, 12:40 ọ̀sán

Òótọ́ lẹ sọ, n kò ro ti ewu ọmọbìnrin náà. Kí ó má dá sùn. Bó bá ní àbúrò tàbí ọ̀rẹ́ obìnrin, kí wọ́n jọ sùn. Òru ni mo ń rò nígbà tí mo sọ ọ́, torí òru ni ọmọ ológbò máa ń gun orí nǹkan, tó sì máa ń kó sínú wàhálà.

Ọmọ Ọ̀wọ̀
Ọjọ́rú, 6:10 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé oògùn eku. Ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo wa ní ìpínlẹ̀ yìí. Ibà Lassa, tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní 1969 ní ìlú Lassa ní Borno, ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára ibi tó ti ń jà jù. Èmi ti rí i nílé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣètọ́jú rẹ̀, àánú á ṣeni. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku lára oúnjẹ ni èèyàn sábà máa ń ti kó o. Nítorí náà oúnjẹ ológbò tí wọ́n bá fi sílẹ̀ mọ́jú, eku ló ń pè. Kí alágbàtọ́ yín kó àwo kúrò nílẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti jẹun tán, kó sì pa oúnjẹ gbígbẹ yẹn dé sínú ike tó ní ìdérí.

Èyí tí ń bà mí lẹ́rù fún ológbò ni pé ìbẹ̀rù ibà yìí ti mú kí àwọn èèyàn máa da oògùn káàkiri. Ẹlòmíràn á po ọtapíàpíà mọ́ búrẹ́dì, ẹlòmíràn á lo omi apakòkòrò dichlorvos yẹn. NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, ti fòfin de títa ike kékeré rẹ̀ láti 2019, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń lò ó. Ológbò tó bá jẹ eku tó ti jẹ oògùn lè kú pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ kan ilẹ̀kùn gbogbo ayálégbé tó wà ní àgbàlá yín, ẹ sọ fún wọn lẹ́nu pé ẹ̀ ń lọ o, ṣùgbọ́n ológbò yín wà nílé.

Màmá Oǹdó
Ọjọ́rú, 8:00 alẹ́

Bí ẹ bá ti ń kan ilẹ̀kùn wọn, ẹ sọ̀rọ̀ àwọ̀ rẹ̀ náà. Ológbò dúdú ni. Ẹ mọ ohun tí àwọn èèyàn wa máa ń sọ nípa ológbò dúdú tó bá ké lóru. Nígbà tí ẹ wà nílé, wọ́n mọ̀ pé tiyín ni. Bí ilé bá dákẹ́ tí wọ́n sì rí ojú rẹ̀ tó ń tàn lórí ògiri ní aago méjì òru, òkò ni wọ́n máa kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ mú. Ẹ fi okùn pupa tàbí aṣọ aláwọ̀ dídán so mọ́ ọrùn rẹ̀, èyí tí kò há, tó lè tètè já bó bá kọ́ nǹkan. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ àgbàlá fọwọ́ kàn án, kí wọ́n mọ orúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá ti pe ẹran lórúkọ kì í sáré sọ òkò lù ú.

Ìyá Dúdúyẹmí
Ọjọ́ Àìkú, 5:25 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìsinmi o. Mo ní ìròyìn.

Ó ti gba abẹ́rẹ́ méjèèjì ní ọjọ́ Ẹtì. Ó ké kan lẹ́ẹ̀kan, ó fi orí sábẹ́ apá mi. Dókítà tí a lọ bá wọ̀n ọ́n, kílò kan àti ààbọ̀.

A ti bá ìyá télọ̀ sọ̀rọ̀. Òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin ni wọ́n á jọ máa sùn ní pálọ̀. A ó san ₦1,500 lójúmọ́, a ti san ìdajì. A ti kan ilẹ̀kùn gbogbo àgbàlá. Àwọn ọmọ méjì nísàlẹ̀ ti ń pè é ní "Àǹtí Dúdú".

A tún sùn sọ́dọ̀ àwọn àna mi ní Ìdànrè lálẹ́ àná ká lè fi dán an wò. Ó dùn mí díẹ̀ láti sọ: kò jẹun alẹ́. Ó wọ ẹ̀yìn fíríìjì, ó ń wo ọmọbìnrin náà láti ibẹ̀. Télọ̀ fi iṣẹ́ rán mi lórí Wáàsáàpù, ó ní ṣé kí òun fà á jáde, mo ní rárá, kí ó jókòó sílẹ̀, kó má wò ó lójú. Aago méjì òru ni télọ̀ gbọ́ kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. Ó dúró jẹ́ẹ́ lórí ẹní, kò mí gúlẹ́, títí Dúdúyẹmí fi jẹun tán. Láàárọ̀ ológbò náà ti wà lórí ẹsẹ̀ télọ̀.

Mo ti kọ ìwé kan mọ́ ara fíríìjì. Aago méje àárọ̀, ṣíbí ìjẹun méjì oúnjẹ gbígbẹ. Ọ̀sán, méjì. Alẹ́, méjì, àti ẹja ṣàwá sísè tí kò ní iyọ̀, kí wọ́n yọ eegun rẹ̀. Ẹja tuntun ni kí wọ́n máa rà lójoojúmọ́, torí iná wa ò dúró, mi ò fẹ́ kí wọ́n fún un ní èyí tó ti yọ́ tó sì tún dì. Omi lẹ́ẹ̀mejì. Yanrìn inú bàsíà, kí wọ́n kó ìgbẹ́ kúrò láàárọ̀ àti lálẹ́. Nẹ́ẹ̀tì fèrèsé kò gbọdọ̀ ṣí. Nọ́ńbà dókítà wà nísàlẹ̀, mo sì fi ₦20,000 sínú àpòòwé tí wọ́n á fi gbé e lọ bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ FUTA
Ọjọ́ Àìkú, 7:40 alẹ́

Mà, ẹ fi aṣọ kan tí ẹ ti wọ̀, tí ẹ kò tíì fọ̀, sílẹ̀ níbi tó ń sùn. Òórùn yín á wà níbẹ̀.

Ìyá Dúdúyẹmí
Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ kejì rẹ̀, 8:20 àárọ̀, láti Àgbádárìgì

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló jí? Dókítà, ẹ dákun.

Ó kan ayálégbé tuntun kan tó kó wọlé sí yàrá ẹ̀yìn lọ́jọ́ kejì tí a lọ. A ò mọ̀ ọ́n, a ò sì bá a sọ̀rọ̀. Ó gbọ́ pé a ti rìnrìn àjò, ó rò pé a gbé ológbò dání. Àná ló fi oògùn eku sínú búrẹ́dì, ó gbé e sí orí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn. Àbúrò télọ̀ rí búrẹ́dì náà láàárọ̀ yìí nígbà tó lọ da yanrìn nù, ó ní nǹkan aláwọ̀ búlúù wà lára rẹ̀. Dúdúyẹmí ò jáde, nẹ́ẹ̀tì wà ní títì, ṣùgbọ́n òkú eku kan wà nínú ìdáná, wọn ò mọ̀ bóyá ó ti fẹnu kàn án. Ìyá télọ̀ ní kí wọ́n ro epo pupa sí i lẹ́nu. Mo ní kí wọ́n dúró ná.

Dókítà Ẹran
Ọjọ́ Ẹtì, 8:31 àárọ̀

Ó dáa tí ẹ ní kí wọ́n dúró. Kí wọ́n má ro epo sí i lẹ́nu, ó lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ ní kí wọ́n wo eku náà: ṣé ó pé? Kí wọ́n fi ọ̀rá bọ ọwọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Ẹ bẹ ayálégbé náà kó mú páálí oògùn náà wá, orúkọ tó wà lára rẹ̀ ló máa sọ ohun tí a ó ṣe. Ọ̀pọ̀ nínú oògùn eku oníhóró ni kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, àmì rẹ̀ sì lè má yọ títí di ọjọ́ kejì sí ìkarùn-ún. Nítorí náà, bó bá ń ṣeré báyìí, ìyẹn ò ní ká jókòó. Kí wọ́n gbé òun àti páálí náà lọ sọ́dọ̀ dókítà tó wọ̀n ọ́n. Abẹ́rẹ́ fítámì K wà fún irú rẹ̀.

Ìyá Dúdúyẹmí
Ọjọ́ Ẹtì, 2:05 ọ̀sán

Eku náà pé, kò sí ojú eyín lára rẹ̀. Wọ́n ti lọ, wọ́n ti dé. Dókítà wo erìgì rẹ̀, ó ní ó pupa dáadáa, ó fún un ní oògùn, ó sì ní kí wọ́n padà wá lọ́jọ́ Ajé. Inú àpòòwé ni wọ́n ti san owó.

Ayálégbé náà fúnra rẹ̀ ló fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wọn lọ. Ó pè mí, ó ń bẹ̀ mí, mo sì ń bẹ òun náà, torí èmi ni mi ò sọ fún télọ̀ pé bí ẹnikẹ́ni bá kó wọlé, kó kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ọmọ Ọ̀wọ̀
Ọjọ́ Ẹtì, 2:18 ọ̀sán

Ọlọ́run ṣeun. Ẹ bá wa kí àbúrò télọ̀ yẹn. Ojú rẹ̀ ló gba ẹran náà là.

Ìyá Dúdúyẹmí
Ọjọ́rú, 9:50 alẹ́, Ọba-Ilé

A ti dé. Ara Dúdúyẹmí le. Wọ́n tún gbé e lọ lọ́jọ́ Ajé, erìgì rẹ̀ ṣì pupa, kò sí ẹ̀jẹ̀ níbì kankan.

Nígbà tí a ṣílẹ̀kùn, kò wá bá wa. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ télọ̀, ó ń wò wá bí àlejò. Ọmọ mi kékeré bú sẹ́kún. Mo ní kó fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn bíi wákàtí kan ó dìde, ó gbóòórùn bàtà ọkọ mi tí iyanrìn etí òkun wà lára rẹ̀, ó sín, ó tún gbóòórùn rẹ̀. Ó wá bọ́ sọ́dọ̀ mi, ó fi orí gbá mi ní orúnkún lẹ́ẹ̀kan.

Télọ̀ kò fẹ́ gba ìyókù owó rẹ̀, mo fi tipátipá fún òun àti àbúrò rẹ̀, mo sì fi aṣọ àdìrẹ kọ̀ọ̀kan kún un. Ó bẹ̀ mí pé kí òun máa wá kí i lọ́jọ́ Sátidé, mo ní kó máa bọ̀.

Abẹ́rẹ́ rẹ̀ tó kàn wà ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, dókítà sì ní ká bẹ̀rẹ̀ sí í múra iṣẹ́ abẹ tí kò ní jẹ́ kó bímọ, torí abo lè bẹ̀rẹ̀ sí í wá akọ láti oṣù mẹ́rin.

Inú àpótí ìrìnàjò wa ló sùn sí báyìí, lórí àwọn aṣọ tí mi ò tíì fọ̀. Màá fi wọ́n sílẹ̀ di ọ̀la.